Epo Aláwọ̀ Ewé Nínú Bọ́ọ̀sì Mena

Òjò wẹliwẹli ń rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí àwọn aṣọ́bodè dá bọ́ọ̀sì Mena Treanor dúró ní oríta Killyfarna. Aláìsàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọsibítù Cavan ni wọ́n ń lọ, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin aṣọ́bodè kan tó ń jẹ́ Ruairí Clerkin ti rọ́bà tín-ínrín bọ ẹnu táǹkì, ó fa epo díẹ̀ sínú ìgò, ó sì gbé ìgò náà sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá. Epo inú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí koríko tí màlúù kò tíì fẹnu kàn.

Kò sí ẹnikẹ́ni ní oríta náà tí kò mọ ohun tí àwọ̀ yẹn jẹ́. Epo dísù katakata ni. Ìjọba dín owó orí rẹ̀ kù kí apá àwọn àgbẹ̀ lè ká a, wọ́n wá po àró mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e gun títì. Ẹni tí wọ́n bá bá a nínú táǹkì ọkọ̀ rẹ̀ lè san ìtanràn ẹgbẹ̀rún márùn-ún yúrò ní kóòtù, ọkọ̀ náà á sì di ti ìjọba. Òfin yìí kì í wá ẹni tó bu epo sí ọkọ̀ kiri. Ẹni tó bá wà nídìí ọkọ̀ ló máa ń mú.

"Màmá," ni Clerkin wí, ojú ń tì í, "ta ló bu epo yìí fún yín?"

Obìnrin tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ni Mena, ó kúrú, ó sì le bí òkúta. Ó wo ìgò náà fún ìgbà díẹ̀.

"Kọ orúkọ mi síbẹ̀," ló wí. "Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan sọ."

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fa bọ́ọ̀sì náà lọ. Àwọn aláìsàn bọ́ sílẹ̀ sínú òjò. Àwọn ọmọ àwọn mẹ́ta nínú wọn wá gbé wọn. Packie Mohan, tó ṣe ìkẹrin wọn, kò ní ìyàwó, kò bímọ, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, òun á mú un mọ́ra títí di Ọjọ́rú. Nígbà tí Ọjọ́rú mọ́, wọ́n bá a nílẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀, omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì lè mí fúnra rẹ̀ mọ́.

Ìyẹn ló mú kí ọ̀gá ọlọ́pàá ní Monaghan rán Ìnspẹ́kítọ̀ Dervla Hanratty sí Killyfarna.

Dervla kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì máa ń bẹ̀rù rẹ̀ nígbà náà ju ìgbà mìíràn lọ. Sájẹ́ǹtì Tully, ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó wà ní abúlé náà, kò tíì mọ̀ ọ́n.

"Ọ̀rọ̀ yìí kò le, Mà," ni Tully wí bó ṣe ń wa ọkọ̀. "Gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Kí ni gbogbo ìlú mọ̀?"

"Pé ahun ni Mena. Àwọn ènìyàn ta kéèkì, wọ́n jó, wọ́n sáré yí òkè ká láti fi kó owó jọ ra bọ́ọ̀sì yẹn. Ó wá lọ ń bu epo katakata sí i. Báyìí, bọ́ọ̀sì ti lọ."

"Ta ló rí i tó ń bu ú?"

Tully ṣe bí ẹni pé títì gbà á lọ́kàn.

"Mo bi yín léèrè, Sájẹ́ǹtì."

"Kò sẹ́ni tó rí i gan-an, Mà."

"Gbogbo ìlú kò rí i, gbogbo ìlú sì mọ̀," ni Dervla wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Ẹ wakọ̀ yín."

Ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Clerkin gbé ìgò náà síwájú rẹ̀ pẹ̀lú èdìdì lẹ́nu. Dervla gbé e lọ sójú fèrèsé, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ṣé bó ṣe jáde nínú táǹkì nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ya èmi náà lẹ́nu. Àwọn tó ń jí i lò máa ń pò ó mọ́ epo títì, ó máa ń ṣì, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́. Èyí ki. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan mìíràn nínú táǹkì yẹn."

"Ta ló ní kí ẹ lọ dúró ní oríta Killyfarna?"

Clerkin fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Ọkùnrin kan ló pè. Kò sọ orúkọ, ó sì fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni. Ó ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ó ní bọ́ọ̀sì àwọn oníkíndìnrín ń bọ̀, ká wo táǹkì rẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe rí ní ẹ̀bá bodè yìí, Mà. Ẹni tó bá ta ará ìlú rẹ̀ fún ìjọba, bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa bá a mu tíì mọ́ láyé. Kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń fi ṣeré. Ẹni tó ṣe é, nǹkan kan ló ń wá."

"Ẹ̀yin sì lọ."

"Iṣẹ́ wa ni, Mà."

"Packie Mohan náà ti wà lórí ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Iṣẹ́ yín náà nìyẹn."

Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ́ sí ọmọkùnrin yìí bó ṣe ń kúrò lẹ́nu òun. Kò sì kó o padà.

Nígbà tí wọ́n dé ilé Mena, ẹnì kan ti da ìgbẹ́ màlúù sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mena ń fi ṣọ́bìrì kó o, aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ọsibítù ló wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wọlé," ló wí. "Àwọn aládùúgbò mi wá kí mi."

Ó po tíì fún wọn, tíì tó dúdú débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dúró nínú rẹ̀. Ó gé búrẹ́dì, ó fi bọ́tà sí i. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ láìwo ojú wọn.

"Mena," ni Dervla bẹ̀rẹ̀, "kò ní pẹ́ tí ẹ máa wà níwájú adájọ́. Wọ́n á gba láísẹ́ǹsì tí ẹ fi ń gbé èrò. Wọ́n á ta bọ́ọ̀sì yẹn ní gbàǹjo. Àwọn mẹ́rin yẹn ò ní ọkọ̀ mìíràn tó ń gbé wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti bu epo?"

"Ilé epo."

"Ilé epo wo?"

"Mu tíì rẹ, ó ń tutù."

"Ilé epo kì í ta epo aláwọ̀ ewé fún bọ́ọ̀sì. Ẹnì kan ló ń bá yín bu ú. Ta ni?"

Ọwọ́ Mena dúró lára kẹ́tùlù. Ó yíjú padà.

"Ọmọ mi, níbo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà?"

"Dundalk."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ìlú ńlá. Gbọ́. Níbí, bí ẹnì kan bá ń ṣe ọ́ lóore ní ìkọ̀kọ̀, o ò ní lọ lúgọ dè é bí ẹni ń dọdẹ eku. O máa dákẹ́, o máa gbàdúrà fún un. Ọjọ́ tí o bá pe orúkọ rẹ̀ síta, o ti dójú tì í."

"Bí oore yẹn bá wá gbé yín dé kóòtù ńkọ́?"

"Mo mọ ọ̀nà kóòtù. Kọ ọ́ pé èmi ni."

"Èmi kì í kọ irọ́ sílẹ̀."

"Ọlọ́pàá tuntun nìyẹn," ni Mena wí, ó sì bu tíì kún ife Tully.

Dervla jáde pẹ̀lú ìbínú nínú àyà rẹ̀ bí ẹyín iná. Obìnrin yìí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ nǹkan kan: ẹnì kan wà tó ń bu epo sí bọ́ọ̀sì yẹn ní kọ̀rọ̀, Mena mọ̀ ọ́n, ó sì rò pé ẹni náà ló kó òun sí wàhálà.

Ní gáréèjì Malachy Boylan, takisí márùn-ún tò síta, wọ́n ń dán bí bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó. Malachy jẹ́ ọkùnrin gíga, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti mẹkáníìkì lọ. Ó bọ Dervla lọ́wọ́, ó di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ̀yin ni wọ́n rán sí ọ̀rọ̀ Mena? Ó dùn mí dé egungun. Láti àná, ọkọ̀ mi ló ń gbé àwọn tó kù lọ sí Cavan."

"Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ọsibítù ló ń sanwó." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Awakọ̀ mi náà ń jẹun, Ìnspẹ́kítọ̀."

"Wọ́n ní kò sí ohun tó ń kọjá níbí tí ẹ kì í rí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ aládùúgbò mi."

"Ẹ sọ ọ́."

Malachy mí kanlẹ̀. "Jemmy Sherry ni, àgbẹ̀ tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún. Arúgbó ni, kò ní ibi kankan nínú. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, gbogbo wa wà ní Mísà aago mẹ́wàá. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Mo kàn wo ẹ̀yìn báyìí, mo rí Jemmy lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjọ, ó ń da kẹ́ẹ̀gì sínú táǹkì bọ́ọ̀sì Mena. Ó ti ń ṣe é tipẹ́. Gbogbo wa mọ̀, a kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó dájú pé epo oko rẹ̀ ló ń bù, kò mọ̀ pé nǹkan kan wà ńbẹ̀."

"Kí ni Fadá ń wàásù lé lórí?"

Ìbéèrè lásán ni, Dervla fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ ni. Malachy bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló tún kù? Owó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bó ṣe rí nìyẹn, Mà," ni Tully fi kún un. "Èmi náà wà níbẹ̀, mo jókòó ní apá kejì ṣọ́ọ̀ṣì."

Dervla mi orí. Òun fúnra rẹ̀ kò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè. Nítorí náà, kò béèrè ọ̀rọ̀ Mísà mọ́.

Jemmy Sherry ń fún àwọn ọmọ màlúù ní wàrà nígbà tí wọ́n gun òkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Táǹkì epo katakata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé màlúù, ó hàn kedere sí ẹnikẹ́ni. Ó rí aṣọ Tully, ó gbé korobá sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ẹ dè é," ló wí. "Ẹ mú mi, kí ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló yẹ kí ẹ ti wá."

"Ẹ gbọ́wọ́ yín sílẹ̀, Jemmy. Ṣé ẹ̀yin lẹ bu epo aláwọ̀ ewé sí bọ́ọ̀sì Mena?"

"Epo títì ni mò ń bù. Ọdún mẹ́rin ni Mena fi gbé Rose ìyàwó mi lọ sí Cavan, kò gba sẹ́ǹtì kan. Ọjọ́ tí Rose kú, Mena ló jókòó tì í, torí èmi ń wá ibi gbé ọkọ̀ sí nínú ọgbà ọsibítù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ ra epo lọ́nà Clones, kẹ́ẹ̀gì méjì, mo sì ń bù ú sí i nígbà tí wọ́n bá wà ní Mísà. Epo títì, pẹ̀lú owó orí rẹ̀. Ṣé ẹ rò pé màá fi epo màlúù san gbèsè Rose? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì mi bí ajá, mo ń rò ó pé bóyá mo ti ṣì í mú nígbà kan. Mi ò sùn."

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, kẹ́ẹ̀gì mélòó lẹ bù?"

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá? Mi ò bù rárá. Bọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀."

"Ẹnì kan rí yín nígbà Mísà."

"Mísà wo?" Jemmy wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Kò sí Mísà ní Killyfarna ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Fadá kan ṣoṣo ló ku fún ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta. Ó kéde lórí pẹpẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú pé Drumard ló kàn. Ilẹ̀kùn tiwa wà ní títì. Mena ló kó gbogbo wa lọ sí Drumard nínú bọ́ọ̀sì yẹn, gbogbo wa ò sì ju mẹ́jọ lọ."

Dervla yíjú sí Tully díẹ̀díẹ̀. Sájẹ́ǹtì náà ti pọ́n dé etí.

"Apá wo lẹ ní ẹ jókòó sí, Sájẹ́ǹtì?"

"Mà..."

"Mò ń gbọ́."

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo lọ kẹ́yìn, Mà. Ìyá mi ò mọ̀. Níbí, bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé o lọ Mísà, o máa ní o lọ ni. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́."

Jemmy rẹ́rìn-ín kúkúrú, ó le, kò sí ayọ̀ nínú rẹ̀. "Abájọ tí a kì í fi í rí yín. A rò pé iṣẹ́ ló pọ̀."

Dervla kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo abúlé náà nísàlẹ̀, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, òrùlé gáréèjì, ẹ̀fín tó ń jáde jẹ́jẹ́. Gbogbo ìlú ló ń pa irọ́ kékeré kan náà, tí ẹnikẹ́ni kì í fi bi ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ti wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ ẹ̀wù, ó sì rìn jáde láàárín wọn láìbẹ̀rù.

Nígbà tó padà sílé Mena, kò jókòó.

"Mi ò wá bi yín ní orúkọ kankan. Jemmy ti sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀."

Mena wá àga, ó jókòó. "Òmùgọ̀ ọkùnrin yẹn," ló wí jẹ́jẹ́.

"Ó rò pé òun ló kó bá yín. Ẹ̀yin náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ ń bo ara yín láṣìírí, ẹlòmíràn sì jókòó, ó ń fi yín rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí inú bí yín díẹ̀, Mena. Ẹ rántí fún mi: ìgbà wo ni géèjì epo yín gòkè kẹ́yìn?"

Mena ronú. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bíréèkì ń dún, mo gbé e lọ fún Malachy. Epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà yẹn, iná pupa ti tàn. Mo ní bí mo bá gbà á, màá yà ra epo. Nígbà tí mo gbà á ní ìrọ̀lẹ́, ó kún dé ẹnu. Mo rò pé Jemmy ti gba ibẹ̀ kọjá, torí ó mọ̀ pé Drumard là ń lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkọ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni."

"Èló ni Malachy gbà fún bíréèkì?"

"Kò gba nǹkan kan. Ó ní àwọn aláìsàn ni òun ń ṣe é fún."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ kíákíá débi pé tíì dà sórí tábìlì. Kò nù ún.

"Màá bá ọ lọ," ló wí.

"Ọ̀la ni, Mena. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù sọ̀rọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Clerkin wá sí gáréèjì pẹ̀lú rọ́bà àti ìgò rẹ̀, ó wo táǹkì takisí márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn mọ́ lóló. Malachy dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà. Mena àti Jemmy dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn létí ògiri, wọn kò wo ara wọn.

"Ẹ tún wo kẹ̀kẹ́ ọmọ mi," ni Malachy wí.

"Mo mọ̀ pé wọ́n á mọ́," ni Dervla dáhùn. "Ẹni tó mọ òfin yìí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n kò jẹ́ bu epo yẹn sí ọkọ̀ ara rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òfin kì í wá ẹni tó bù ú kiri. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó sídìí ọkọ̀ ló máa ru ú. Àwa yòókù ń pe òfin yìí ní ọ̀rọ̀ owó orí. Ẹ̀yin rí i bí ọ̀bẹ."

"Ọ̀bẹ wo? Mo sọ fún yín pé Jemmy ni."

"Kẹ́ẹ̀gì méjì ni Jemmy máa ń bù. Kẹ́ẹ̀gì méjì kò lè kún táǹkì bọ́ọ̀sì tí epo rẹ̀ ti tán. Ẹni tó bù ú kún dé ẹnu ní epo púpọ̀, ó ní pọ́ǹpù, ó sì ní àkókò. Bọ́ọ̀sì yẹn wọ ibí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú táǹkì gbígbẹ, ó jáde pẹ̀lú táǹkì tó kún. Mena kò béèrè. Ẹ mọ̀ pé kò ní béèrè. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn, Malachy. Ẹ mọ ìwà rere obìnrin yìí dáadáa, ẹ sì fi í ṣe okùn fún un. Ẹ mọ̀ pé yóò rò pé Jemmy ni, pé yóò sì kú kó tó pe orúkọ rẹ̀."

"Epo aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn gáréèjì mi, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni mo rà á fún. Kò lòdì sófin."

"Kò lòdì. Ohun tí ẹ fi ṣe ló lòdì."

"Mo rí Jemmy ní ọjọ́ Àìkú."

"Nígbà Mísà?"

"Nígbà Mísà."

"Kò sí Mísà," ni Jemmy wí láti ibi tó dúró.

Ojú Malachy lọ sọ́dọ̀ Tully bí ẹni ń wá ibi tí yóò dì mú. "Kí ló kàn mí bí Fadá bá yí ọjọ́ padà? Mo ṣì í. Ìdajì ìlú yìí ló ń purọ́ Mísà. Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ jókòó síbí, ó ní òun wà níbẹ̀."

Tully gbé orí sókè. "Mo purọ́ pé mo wà nílé Ọlọ́run, mo sì ti gba ìyà rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá mi lálẹ́ àná. Mi ò purọ́ pé mo dúró níbẹ̀ mo sì ń wo aládùúgbò mi bó ṣe ń dẹ́ṣẹ̀."

"Ẹ fi nọ́ńbà yín pamọ́ nígbà tí ẹ pe àwọn aṣọ́bodè," ni Dervla wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé Clerkin ní láti sún mọ́ ọn. "Ẹ fi í pamọ́ fún Clerkin. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kò lè fi í pamọ́ fún ọlọ́pàá. Fóònù tó wà lórí tábìlì yín yẹn ni."

Nígbà tí Malachy sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn tó fi ń kí àlejò ló fi sọ ọ́.

"Ọdún mélòó ni mo fi bẹ ọsibítù fún iṣẹ́ yẹn? Awakọ̀ márùn-ún ni mò ń bọ́. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ fún mi pé arúgbó kan ní Killyfarna ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló lè bá ọ̀fẹ́ du ọjà? Mo ní kí wọ́n gba bọ́ọ̀sì nìkan ni. Mo ní wọ́n á bu ìtanràn lé e, ìlú á dá a fún un, ọ̀rọ̀ á tán. Packie ńkọ́? Mo rán ọkọ̀ sí Packie lọ́jọ́ Ajé. Òun ló kọ̀."

"Awakọ̀ rẹ béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀," ni Mena wí. Ó ti kúrò létí ògiri. "Nínú òjò. Ọkùnrin tí ó ń jẹ ọ̀dùnkún lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ojú tì í láti sọ pé òun ò ní, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Mo gbé ìyá rẹ náà, Malachy. Ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ìwọ ń ta ọkọ̀ nígbà náà, o ò ráyè."

Malachy wo ilẹ̀.

"Ìtanràn tí ẹ fẹ́ kó san, orúkọ yín ló máa wà lórí rẹ̀," ni Dervla wí bí Tully ṣe ń gbé ẹ̀wọ̀n ọwọ́ jáde. "Ìyẹn ló kéré jù. Irọ́ tí ẹ pa fún mi wà níbẹ̀, ọ̀fìn tí ẹ gbẹ́ fún obìnrin yìí wà níbẹ̀, ẹ̀mí ọkùnrin tó wà ní ọsibítù sì wà níbẹ̀. Adájọ́ lè rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún lórí epo yìí, bí ó bá fẹ́. Màá jókòó ní àga iwájú nínú kóòtù kí n lè rí i bóyá ó fẹ́."

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Clerkin fúnra rẹ̀ ló wa bọ́ọ̀sì náà padà sí Killyfarna, wọ́n ti fọ táǹkì rẹ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn ti pé jọ síwájú gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n ju ogún lọ, wọ́n gbé kéèkì àti òdòdó lọ́wọ́. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí kò dá Mena lóhùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ló wà níwájú.

"Mena, a fẹ́ sọ pé..."

"Ta ni nínú yín tó gbé Packie lọ́jọ́ Ajé tó kọjá?" ni Mena béèrè.

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù náà fa kéèkì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ta ló yà wò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Ẹ ní mọ́tò. Mo ń rí wọn. Gbogbo yín wà lójú fèrèsé nígbà tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí ìrọ̀rí, ẹ sì ń sọ fún ara yín pé ahun ni mí." Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ gbé kéèkì yín lọ sílé. Mi ò bínú sí Malachy nìkan."

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Clerkin, ó gun bọ́ọ̀sì. Àwọn aláìsàn mẹ́ta tẹ̀ lé e. Jemmy dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo Packie, bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun wọlé dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń bá a mí. Ó ti fẹ́ jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn," ni Mena wí. "Ti Packie nìyẹn."

Jemmy dìde, ó lọ jókòó lẹ́yìn. Dervla fà sẹ́yìn kúrò lójú ọ̀nà, bọ́ọ̀sì sì kọjá pẹ̀lú àga òfìfo náà lójú fèrèsé, kí gbogbo àwọn tó gbé kéèkì lọ́wọ́ lè rí i.